Yìnyín Kọ́ ni Òjò Dídì: Bí Òpópónà Ìgbà Ogun Ṣe Dé Orí Tábìlì ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọmọ iléèwé sọ ní Yábàá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyí. Mo ti tún un tò fún kíkà, mo sì fi àwọn ohun tí jẹnẹrétọ̀ tó kú lójijì kò jẹ́ kí n sọ kún un.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ooru. Mo rí i pé ojú yín kò kúrò lára àpótí yìí láti ìgbà tí mo ti gbé e wọlé. N ó ṣí i láìpẹ́. Àmọ́ kí n tó ṣí i, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ òjò dídì fún yín yìí, mi ò fojú kàn án rí. Ìwé ìrìnnà mi wà nílé, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló funfun. Ibi tí mo sún mọ́ òjò dídì dé nìyẹn.

Àwòṣe ilé ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Bí ayàwòrán ilé bá fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì sí ọ̀nà Lẹ́kí, tó sì fẹ́ kí àwọn tó máa sanwó rí i kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò, èmi ni mo máa ń bá a kọ́ ọ ní kékeré. Páálí àti pílásítíìkì ni búlọ́ọ̀kù tèmi. Nínú gbogbo ilé tí mo ti kọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ògiri rẹ̀ sán. Oníbàárà kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí. Nígbà kan mo fi ààtàn kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, nítorí Èkó la wà. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kíákíá. Ilé tó mọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń sú ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ń wá ohun tó ti fọ́.

Ó yá, mo ṣí i.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ ní gígùn, 45 ní fífẹ̀. Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ṣì dúró. Ti àárín, iwájú rẹ̀ ti wó. Ẹ lè rí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ yọ̀ ṣubú láti yàrá òkè. Ti ọwọ́ òsì ti di àlàpà. Táńkì Sherman kan, ọkọ̀ ogun onírin, dúró sí ìkóríta, gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Ènìyàn márùn-ún ló wà níta: ṣọ́jà mẹ́ta, bàbá arúgbó kan tó ń ti ọmọlanke, àti obìnrin kan tó wọ aṣọ ṣọ́jà tó tóbi jù ú lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi obìnrin yẹn sọ́kàn.

Dáyórámà ni àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń pè é. Daguerre, ọkùnrin kan náà tí ìtàn fọ́tò kì í pé láìdárúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó ṣí ilé ìwòran kan tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ ní Paris lọ́dún 1822. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún yín pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń kó ayé sínú ohun kékeré. Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère láti àwọn ọdún 1930. Ẹni tó ń gúnyán, ẹni tó ń kọ ẹmu, kò sí èyí tó ju ìka ọwọ́ lọ nínú irú ère bẹ́ẹ̀, ojú wọn sì ń sọ̀rọ̀.

Ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà ni èyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì já lu àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nínú igbó Ardennes. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ìlú Bastogne ní Bẹ́ljíọ̀mù ká. Ní ọjọ́ 22, wọ́n kọ̀wé sí àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà nínú ìlú náà pé kí wọ́n túúbá. Ọ̀gágun McAuliffe fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fèsì: Nuts! Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ì bá pòṣé, kó ní, “Ẹ lọ jókòó!” Ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ púpọ̀, òjò dídì sì ti bọ́. Ní ọjọ́ 23 ojú ọ̀run là, ọkọ̀ òfurufú sì bẹ̀rẹ̀ sí í já oúnjẹ, oògùn àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ 26 ni àwọn táńkì tó wá gbà wọ́n tó já wọlé.

Obìnrin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ni Augusta Chiwy. Wọ́n bí i ní Bùrúńdì lọ́dún 1921. Ọmọ Kóńgò ni ìyá rẹ̀, ará Bẹ́ljíọ̀mù ni bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ó wá bá bàbá rẹ̀ ṣe Kérésìmesì ní Bastogne ni ogun ká a mọ́ ibẹ̀. John Prior, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́; Chiwy àti nọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ Renée Lemaire gbà láti bá a ṣiṣẹ́. Chiwy wọ aṣọ ṣọ́jà, ó bá wọn jáde lọ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú òjò dídì. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, àìsùn Kérésìmesì, bọ́ǹbù balẹ̀ sórí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn ní òpópónà Neufchâteau. Lemaire kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ bí ọgbọ̀n náà sì kú. Ilé tó múlé ti èyí ni Chiwy wà; bọ́ǹbù gbé e gba ògiri kọjá, kò sì kú. Ọdún 2011 ni Bẹ́ljíọ̀mù àti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá a lọ́lá. Ó kú ní 2015, ó ti pé ẹni ọdún 94.

Kí n tó ka ìtàn yìí, mo ti ra táńkì ná. Táńkì nìkan ni mo ń rò. Mi ò tíì ro ènìyàn kankan. Àmọ́ láti alẹ́ tí mo kà á ni òpópónà mi ti ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ 23 ni. Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ilé ọwọ́ ọ̀tún ṣì dúró, Lemaire ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Mi ò ní í purọ́ pé ilé mi jọ ilé wọn gan-an, àwọn fọ́tò àtijọ́ ni mo dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ọjọ́ náà ni mi ò gbà kí ó yẹ̀.

Ẹnìkan ti bi mí pé ṣé kò sí ogun tiwa tí mo lè ṣe ni. Ó wà. Àwọn bàbá wa lọ sí Bọ́mà. Ẹni tó bá ń kọjá níwájú Bárékè Dodan ní Ọbáléńdé tàbí Bárékè Arakan ní Àpápá, orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ló ń wò yẹn. N ó ṣe ti Bọ́mà bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ewé ló ń bà mí lẹ́rù. Igi kan ṣoṣo tó léwé dáadáa le ṣe ju òjò dídì odindi ìlú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí òjò dídì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pè é ní yìnyín, nítorí yìnyín la mọ̀. Yìnyín ló ń já lu páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀ tí àwọn ọmọdé á sáré jáde lọ ṣà jẹ. Ó le, ó ní wóró, ó ń pariwo. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wò ó títí, wọ́n ní rárá o, òjò dídì ni tibẹ̀ yẹn. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni, àfi ìgbà tí mo pàdánù oṣù mẹ́rin sí i.

Òwú ni mo kọ́kọ́ lò. Ó dà bíi pé ẹnìkan fi tìmùtìmù tó ya bo ìlú náà. Mo yọ ọ́. Mo lo ìyẹ̀fun. Ó lẹ́wà, ẹ gbà mí gbọ́, fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, eèrà ti la ọ̀nà já láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ táńkì, aáyán kan sì dúró láàárín títì bí ẹni tó ń darí ọkọ̀. Mo wọ̀n ọ́n kí n tó pa á. Lójú àwọn ènìyàn mi, aáyán yẹn gùn ju mítà kan lọ.

Ibi tí ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìdá kan nínú márùndínlógójì, 1/35, ni ìwọ̀n iṣẹ́ mi. Ẹni tó ga ní mítà 1.75 á di sẹ̀ǹtímítà 5. Ilẹ̀kùn mítà 2 á di mìlímítà 57. Ìwọ̀n yìí kò ti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan wá o. Ilé iṣẹ́ Tamiya tó ń ṣe àwòṣe ní Jàpáànù ṣe àwòṣe táńkì Panther kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n sì ṣe é ní ìwọ̀n tí bátìrì àti mọ́tò kékeré yóò fi lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wọ̀n ọ́n, bíi 1/35 ni. Bátìrì ló bí ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò títí dòní.

Mo wá lo iyọ̀. Iyọ̀ kò ní eèrà. Àmọ́ wóró iyọ̀ kan tó tó ìdajì mìlímítà, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po márùndínlógójì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ó tóbi tó ẹ̀pà. Ohun tó ń bọ́ lé àwọn ṣọ́jà mi lórí, yìnyín ni! Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti rí i ṣáájú mi. Mo sì tún gbàgbé pé Èkó la wà: òjò oṣù Kẹfà dé, iyọ̀ fa omi, òpópónà mi bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún, wáyà tí mo fi ṣe okùn tẹlifóònù dípẹtà. Bekin sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò ló tẹ̀ lé e. Òun kúná dáadáa, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ lókè òkun ló ń lò ó. Lọ́dọ̀ mi, kí ọdún tó yí po ó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe tẹ̀rásò ní Muṣin ni ìdáhùn wà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú àwọn ilé àtijọ́ mọ tẹ̀rásò, ilẹ̀ aláràbarà tó máa ń tutù lẹ́sẹ̀. Mo rí àpò lẹ́búlẹ́bú funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí?”

“Mábù tí wọ́n lọ̀ ni. Ìgbẹ́tì ni wọ́n ti ń kó o wá. Kí lo fẹ́ fi í ṣe, ọmọ mi?”

“Mo fẹ́ fi ṣe òjò dídì ni, sà.”

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Olúwa á gbọ́ àdúrà,” ó sì bu abọ́ mẹ́ta fún mi láìgba kọ́bọ̀.

Òkúta ni mábù. Eèrà kò jẹ ẹ́, kì í fa omi bí iyọ̀, kì í sì í pọ́n. Mo gún un nínú odó kékeré, mo fi ajọ̀ kù ú, mo tún fi sítókìn ìyàwó mi kù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ wọ ìbòmú, ẹ pa fáànù. Lẹ́búlẹ́bú òkúta kì í ṣe ohun tí a ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí àwọn kan fi gíláàsì ṣe sì tún léwu jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú kọ́ ni iṣẹ́ yìí. Mo ti ríran tó báyìí láti mọ̀ pé ẹni tó bá ti ra lẹ́búlẹ́bú tó dára máa ń rò pé òun ti parí. Á kọ́ ilé, á to táńkì, á wá da funfun lé gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹni ń da ṣúgà sórí dónọ́ọ̀tì. Ohun tó ń jẹ́ kí ojú gbà pé òjò dídì ni, ibi tí kò sí ni. Ta ló kọjá níbí? Kí ló gbóná níhìn-ín? Kí ló ṣíji bo ibí yìí? Nítorí náà, èmi kọ́ òpópónà náà tán pátápátá láìsí òjò dídì kankan, mo kùn ún, mo fi ẹrẹ̀ sí i, mo jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó jẹ́ kí òjò dídì bọ́.

Àlàpà ni mo ti kọ́kọ́ gbádùn ara mi, òun la sì mọ̀ jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí wọ́n wó Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tó wà ní Gbàgede Tinúbú, tí ìjọba ti kà kún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, mo lọ dúró níwájú rẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Síbẹ̀ ojú mi ń ṣiṣẹ́, ojú oníṣẹ́ kò ní ìtìjú. Mo rí i pé ilé tó wó kì í ṣe òkìtì bíríkì. Igi àjà ló kọ́kọ́ ń yọrí bí ẹ̀gún ẹja, wáyà ń wé mọ́ ọn, páànù ká sókè, aṣọ wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀. Òkìtì náà fẹ̀yìn ti ògiri tó kù, ó sì rọra ń tẹ́ lọ sójú títì. Èyí tó tóbi nínú àwọn òkúta náà ti yí lọ jìnnà jù. Eruku kan náà bo gbogbo rẹ̀, àwọ̀ ohun gbogbo sì di ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tèmi. Ìdọ̀tí POP tí àwọn onísílíìnì ń dà nù ni mo pò, mo dà á pẹlẹbẹ, mo fín ojú òkúta sí i, mo wá fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ. Ẹ má fi abẹ gé ògiri tó yẹ kí bọ́ǹbù fọ́ o. Ojú á mọ̀. Igi àjà wá láti inú ìṣáná, àwọn igi wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ́ ògiri sì jẹ́ igi ọwọ̀, ìgbálẹ̀ ilé wa gan-an. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní Ardennes, kì í ṣe páànù. Ti èmi jẹ́ etí káàdì tí àwọn atẹ̀wé ń gé dànù ní Ṣómólú. Mo gé e tó ẹgbẹ̀rún ó lé igba. Ìyàwó mi ló kà á. Èmi ò láyà.

Ti gíláàsì, mo kọ́ ọ ní ọjọ́ Àìkú kan. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, tí ohun ìjà bú ní Ìkẹjà. Máfolúkù la ń gbé. Gíláàsì fèrèsé wa kò ṣubú síta bí mo ṣe máa ń rí i nínú fíìmù. Orí bẹ́ẹ̀dì ló fọ́ sí, kọ́tìnì sì ya, ó rọ̀ síta lójú fèrèsé, ó ń fì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣègbé lọ́jọ́ yẹn, èyí tó pọ̀ nínú wọn sínú odò ní Òkè Afá níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Èmi ọmọdé, kọ́tìnì yẹn ló kù sójú mi. Ẹ wo òkè ilé àárín yìí. Kọ́tìnì wa nìyẹn.

Nígbà tó kan bí òjò dídì ṣe ń bọ́, ọyẹ́ ni olùkọ́ mi. Ẹ lọ wo dánfó tó sùn síta mọ́jú nínú ọyẹ́. Eruku wà lórí rẹ̀, ó wà lórí bọ́ńńẹ́ẹ̀tì, ó kóra jọ sí igun ibi tí wáípà kò dé. Abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ dọ̀tí ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ohun gbogbo tó bá ń bọ́ láti òkè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló ń gbọ́ òfin yẹn, ì báà jẹ́ ti Sàhárà tàbí ti Bastogne. Mo fọ́n gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà tí mo fi omi là sórí ìlú náà, mo dúró lórí àga, mo sì ku mábù sílẹ̀ láti bíi mítà kan sókè, láti ìhà kan ṣoṣo. Mi ò fi ọwọ́ ṣètò rẹ̀. Ibi tó bá bọ́ sí ni. Bó bá jìn dé ọrùn ẹsẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 15, mìlímítà 4 péré ni lọ́dọ̀ mi. Ibi tó ti jìn, mo kọ́kọ́ fi mábù àti gọ́ọ̀mù tí mo pò kí ó ki bí ẹ̀kọ tẹ́ ẹ.

Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí búlúù tí àwọn ìyá wa máa ń fi ṣan aṣọ funfun. Wọ́n mọ̀ pé funfun tí kò bá ní búlúù díẹ̀ nínú, pupa rúsúrúsú ló máa dà lójú. Ẹ̀kán búlúù kan ni mo fi sínú èyí tí mo tẹ́ sísàlẹ̀. Ó wá bọ́ sí àkókò nítorí ṣọ́jà tó wà lẹ́bàá ògiri yìí. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ló fi bora. Òótọ́ ni o: ní Hemroulle, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bastogne, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ John Hanlon yá aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kí ọ̀tá má bàa rí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nínú funfun, lẹ́yìn ogun ló sì padà lọ dá aṣọ aláṣọ padà. Báwo ni ẹ ṣe máa fi funfun bora nínú funfun kí àwọn èèyàn tó ń wò ó ṣì rí i? Mo fi tíṣù ṣe aṣọ náà, mo kùn ún ní àwọ̀ wàrà. Òjò dídì lọ sí ìhà búlúù, aṣọ lọ sí ìhà wàrà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo lò lórí aṣọ kan tó tó èékánná méjì.

Ojú ọ̀nà, lẹ́yìn náà. Mo mú irin ẹsẹ̀ táńkì tó ṣẹ́kù nínú páálí, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ òjò dídì kí ó tó gbẹ, mo ti ẹrẹ̀ sínú ojú rẹ̀. Bàtà ṣọ́jà kò gùn ju mìlímítà 9 lọ. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹsẹ̀ káàkiri bí ọjà Ìdúmọ̀tà, ó sì burú. Ẹni tó ń rìn nínú ohun tó jìn máa ń tọ ipasẹ̀ ẹni tó ti kọjá ṣáájú, bí a ṣe ń tọ òkúta tí wọ́n jù sínú àgbàrá ní Ajégúnlẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló lọ sí ẹnu ilé ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo ẹsẹ̀ ibẹ̀ ló sì wọra wọn. Bàbá ọlọ́mọlanke nìkan ló ń la tirẹ̀.

Kí n lè mọ bí ohun dídì ṣe ń bò nǹkan, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja títù ní àdúgbò wa. Fíríìsà rẹ̀ ti pẹ́, yìnyín ti hù níbẹ̀ bí irun. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, mo rí i pé ibi tí ó ti nípọn kò funfun, ó ń tàn bí gíláàsì tí wọ́n mí sí.

“Bọ̀dá,” ìyá náà pè mí, “ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ wọ inú rẹ̀ sùn?”

Mo ra títù méjì. Mo rí ohun tí mo wá.

Ti àwọn ènìyàn yá díẹ̀. Ẹni tí òtútù ń mú, mo rí wọn tó nínú bọ́ọ̀sì BRT olóyẹ́ lẹ́yìn òjò: èjìká á gòkè, ọwọ́ á wọ abíyá, ọrùn á sọnù. Augusta Chiwy nìkan ló yọ mí lẹ́nu. Kò sí obìnrin dúdú nínú páálí àwọn ère tí mo rà. Pọ́tì tí púlọ́ńbà fi ń dí páìpù ni mo fi mọ ojú rẹ̀, ìgbà márùn-ún. Mo kùn ún ní pupa ilẹ̀ ná, kí n tó gbé àwọ̀ ara lé e, nítorí pé ẹni tó bá fi dúdú kun ènìyàn dúdú, èédú ló ń ṣe. Kò gbé ìbọn. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó má bàa yọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn táńkì. Kò sí òjò dídì níbẹ̀, omi ló wà, mo fi fáníìṣì ṣe é. Ẹ́ńjìnnì Sherman ẹ̀yìn ló wà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni. Mo yangàn ibẹ̀ yẹn gan-an. Gbogbo ẹni tó bá wá sílé ni mo máa ń fi hàn.

Bàbá kan béèrè níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbéèrè tí mo ti ń retí, pé èmi tí mi ò rí òjò dídì rí, ta ló sọ fún mi pé èyí jọ ọ́? Mo dá wọn lóhùn pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, àǹtí kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánádà fún ogún ọdún, tó wá sílé fún ìsìnkú. Mo gbé iṣẹ́ náà síwájú rẹ̀, mo sì ń dúró de oríyìn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ẹsẹ̀ àwọn ṣọ́jà, ó mi orí. Ó wo ẹ̀yìn táńkì, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá na ìka sí ihò èéfín orí ilé ọwọ́ ọ̀tún, ilé àwọn nọ́ọ̀sì, níbi tí mo ti ku òjò dídì tó nípọn, tó lẹ́wà, tí mo sì tún fi òwú kékeré ṣe èéfín sókè rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ wa,” ó ní, “ṣé wọn ò dáná níbí ni?”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi tuùtupíìkì họ ọ́ kúrò yí ihò náà ká. Mo fi dúdú díẹ̀ sí òkúta pẹlẹbẹ ibẹ̀, mo sì jẹ́ kí omi ṣàn sílẹ̀ láti ibẹ̀ dé etí òrùlé. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ lè máa bọ̀ wá wò ó báyìí, ní ẹnì mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mí sí i.